Ẹ̀rọ Orin Tí Kò Ní Kí N Wo Òun

Bí ẹnikẹ́ni bá ti rí ẹ̀rọ orin kékeré lọ́wọ́ mi, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e kì í yàtọ̀: "Ṣé fóònù rẹ kì í kọrin ni?" Fóònù mi ń kọrin. Ó tún ń gba ìpè, ó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́, ó sì ń ta mí lólobó pé ẹnì kan tí n kò rí láti ọjọ́ pípẹ́ ti gbé fọ́tò tuntun síta, gbogbo rẹ̀ láàárín orin kan ṣoṣo. Bí mo bá yọ ọ́ lápò láti fo orin kan kọjá, kí n tó dá a padà, mo ti ka ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí, mo ti fèsì sí i, orin tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an sì ti ń lọ sópin. Ìdí nìyẹn tí mo fi fún orin ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Kì í ṣe pé ohùn rẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ dára ju ti fóònù lọ. N ó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ohùn mọ. Ohun tí mò ń wá ni ẹ̀rọ tí n ó máa lò lójoojúmọ́ láìwò ó.

Ohun tí mo fi ń wọn ẹ̀rọ orin nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀melòó ló máa ní kí n yọ òun jáde kí n tó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ gbọ́? Èyí tó bá ń pe ojú mi ṣáá, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó, kì í bá mi rìn pẹ́. Àwọn tó ń yẹ ẹ̀rọ wò fún aráyé kì í sábà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ ṣíìpù inú ẹ̀rọ, èyí tó ń sọ nọ́ńbà di ohùn, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá, wọ́n á ròyìn rẹ̀ títí, wọ́n á wá mẹ́nu ba bọ́tìnnì ní gbólóhùn kan kí wọ́n tó dágbére. Lójú tèmi, ẹsẹ̀ ni wọ́n gbé sókè, orí ni wọ́n fi ń rìn.

Nígbà tí Sony gbé Walkman àkọ́kọ́ jáde ní July 1979, kásẹ́ẹ̀tì ló ń lò, àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ sì ń wọlé bí a bá tẹ̀ wọ́n. Ìka lásán ti tó láti mọ̀ bóyá orin ń lọ tàbí kò lọ. Ní 1998 ni ẹ̀rọ tí kò lo kásẹ́ẹ̀tì tàbí síídì dé ọwọ́ aráàlú: MPMan ti ilé-iṣẹ́ Saehan ní Kòríà, àti Rio PMP300 ti Diamond ní Amẹ́ríkà. Mẹ́mọ́rì 32 MB ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìyẹn orin bí ààbọ̀ wákàtí bí a bá fún un pọ̀ sí 128 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù ní Amẹ́ríkà gbé Diamond lọ sílé ẹjọ́ nítorí ààbọ̀ wákàtí yìí. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá Diamond láre ní 1999, ọ̀nà sì là. Ní October 2001 ni Apple mú iPod wá, 5 GB, ẹgbẹ̀rún orin nínú àpò. Láti ìgbà yẹn ni ìdíje ti di ti iye orin, lẹ́yìn náà ti ojú ẹ̀rọ tó tóbi, lẹ́yìn náà ti àwọn nọ́ńbà tí etí kò lè yẹ̀ wò. Apple dá iPod touch, èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn iPod, dúró ní May 2022, àwọn kan sì ní ẹ̀rọ orin ti kú. Kò kú o. Sony ṣì ń ta Walkman, bẹ́ẹ̀ ni FiiO ní Ṣáínà àti Astell&Kern ní Kòríà ò sinmi. Àwọn tó ń rà á ló dín kù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ olùfẹ́ ohùn. Àwọn yẹn ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń bá sọ̀rọ̀ lára páálí.

Ẹ jẹ́ kí n yanjú ọ̀rọ̀ ohùn kí n lè tètè kúrò lórí rẹ̀. Lára páálí, ẹ ó rí "24-bit/192 kHz" tí wọ́n fi wúrà kọ, ìyẹn ni pé wọ́n ń ka ohùn ní ìgbà 192,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 24 bit fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Síídì lásán ń ka ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 16 bit fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bit ni ẹyọ 0 tàbí 1 tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nǹkan. Ìṣirò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò le: bí a bá ka ohùn ní iye ìgbà kan, gbogbo ìró tó bá wà lábẹ́ ìdajì iye yẹn ṣeé tún kọ jáde bó ṣe wà. Ìdajì 44,100 jẹ́ 22,050. Etí ọmọ aráyé ń gbọ́ láti nǹkan bí 20 Hz, ìyẹn ìró tó ń gbọ̀n nígbà ogún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, dé 20,000 Hz, orí rẹ̀ sì ń wálẹ̀ bí ọjọ́ orí bá ṣe ń gòkè. 16 bit fi nǹkan bí 96 decibel, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára ohùn, sáàárín ìró tó kéré jù àti èyí tó ga jù, àlàfo tí kò sí ẹni tó ń lò ó tán nígbà tó wà láàárín èrò. 192 kHz lè gbé ìró dé 96,000 Hz. Àdán lè gbádùn ìyẹn dáadáa.

Kì í ṣe ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́. Ní 2007, Meyer àti Moran tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Audio Engineering Society. Wọ́n gba orin láti inú àwọn àwo tí ìwọ̀n ohùn wọn ju ti síídì lọ, wọ́n mú un kọjá nínú ẹ̀rọ tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí ìwọ̀n síídì, wọ́n sì ní kí àwọn olùgbọ́ sọ èyí tó jẹ́ èwo láìmọ̀ èyí tí wọ́n ń gbọ́. Bí ohùn bá wà ní ìwọ̀n tí èèyàn fi ń gbọ́ orin, wọn kò mọ̀ ọ́n. Ẹ fi èyí kún ọ̀rọ̀ àyè: láìfún un pọ̀, orin 24-bit/192 kHz ń jẹ nǹkan bí 69 MB ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ti síídì ń jẹ bíi 10.6 MB, FLAC, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún orin pọ̀, sì lè dín ti síídì kù sí nǹkan bí ìdajì láìsọ ohunkóhun nù. MP3 tó wà ní 320 kilobit kò ju 2.4 MB lọ. Mò ń tọ́jú FLAC sórí kọ̀ǹpútà nílé nítorí ó ṣeé yí padà sí ohunkóhun lọ́jọ́ iwájú. Èyí tí mò ń gbé rìn jẹ́ MP3 tàbí AAC, tí òun náà ń fún orin pọ̀ bíi MP3, tí kilobit rẹ̀ pọ̀ níwọ̀n. Ibi tí fífún pọ̀ ti máa ń tú ara rẹ̀ fó ni ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, bíi 64 kilobit. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ fi dán an wò: dípò kí hóró rẹ̀ máa dún lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa dún bí omi tí wọ́n ń dà sórí páànù.

Ẹ̀rọ kan ṣì lè ba ohùn jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tí páálí ń tọ́ka sí. Àkọ́kọ́ ni ìró ṣììì tó máa ń wà lábẹ́ orin. Mo máa ń ki íápíìsì tó gbọ́ràn dáadáa bọ ẹ̀rọ, n ó dá orin dúró nínú yàrá tó dákẹ́, n ó sì fetí sílẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ìró yẹn nígbà tí orin kò lọ, a jẹ́ pé n ó máa gbọ́ ọ ní gbogbo ibi tí orin bá ti rọlẹ̀. Èkejì ni ìdènà iná ní ẹnu ẹ̀rọ náà, tí wọ́n ń fi ohm wọ̀n. Òfin àtọwọ́dọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ni pé kí ti ẹ̀rọ má ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ti íápíìsì lọ. Íápíìsì tó bá jẹ́ 16 ohm ń fẹ́ ẹ̀rọ tí tirẹ̀ kò kọjá 2 ohm. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ohùn íápíìsì kan náà lè yí padà, ìsàlẹ̀ lè wú, òkè sì lè rọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi hẹ́dífóònù ńlá bíi HD 600 ti Sennheiser tó jẹ́ 300 ohm gbọ́ orin, kó yẹ agbára ẹ̀rọ wò pẹ̀lú. Àmọ́ ta ló ń gbé irú ìyẹn wọ ọkọ̀?

Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ méjì wéra, kí ẹ kọ́kọ́ mú ohùn wọn dọ́gba. Etí máa ń gbè sẹ́yìn èyí tó bá fi díẹ̀ lágbára jù, ì báà má ju decibel kan lọ, á sì máa pe agbára ní adùn. Ọ̀pọ̀ ìjà lórí ẹ̀rọ ló ti ibẹ̀ wá.

Nǹkan míì tún wà tí ọ̀pọ̀ olùrà kì í ronú kàn. Bó bá jẹ́ íápíìsì aláìlókùn lẹ ó máa lò, ṣíìpù olówó iyebíye tó wà nínú ẹ̀rọ kò ní bá yín sọ̀rọ̀ rárá. Bluetooth ń fi orin ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà, inú íápíìsì ni wọ́n ti ń sọ ọ́ di ohùn. Ṣíìpù íápíìsì lẹ ń gbọ́. Ohun tó kù tí ẹ ó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ ni bóyá òun àti íápíìsì jọ gbọ́ èdè kan náà. SBC ni gbogbo wọn gbọ́. LDAC ti Sony lè gbé tó 990 kilobit, àmọ́ bí ara bá dí ọ̀nà rédíò tàbí tí ìgbì míì pọ̀ láyìíká, á já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Olókùn ni mo fara mọ́, nítorí n kò fẹ́ ohun méjì tí n ó máa ṣáàjì kí n tó gbọ́ orin kan.

Ọwọ́ wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Bí mo bá gba ẹ̀rọ tuntun, mo máa ń tì í sápò kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá adùn kankan lára rẹ̀. Ọwọ́ kan ni n ó fi wá ohun márùn-ún: kí orin dúró tàbí kó máa lọ, orin tó kàn, orin tó kọjá, ohùn sókè, ohùn sísàlẹ̀. Bí àtàǹpàkò mi bá ní láti bi ojú mi léèrè kó tó mọ ibi tó wà, ẹ̀rọ náà ti kùnà níbi tó ṣe pàtàkì jù. Ọ̀pọ̀ ń kùnà. Wọ́n á to bọ́tìnnì márùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo wọn á rí bákan náà, àlàfo àárín wọn á dọ́gba. Ó wu ojú nínú fọ́tò. Nínú àpò, àfi kéèyàn máa kà á láti òkè wá sísàlẹ̀: ọ̀kan, méjì, ẹ̀ẹ́ta, áà, mo ti pa á. Kóókó kékeré kan lórí bọ́tìnnì àárín ì bá ti tó. Tàbí kí wọ́n fi ohùn sókè àti sísàlẹ̀ sí apá kan, kí wọ́n fi yòókù sí apá kejì. Kò sí owó gọbọi nínú rẹ̀. Àfiyèsí ni kò sí.

Ìtàn iPod fúnra rẹ̀ lè ṣe ẹlẹ́rìí. Ti àkọ́kọ́, ti 2001, ní àgbá tó ń yí, bọ́tìnnì sì yí i ká. Ní 2003, wọ́n kó bọ́tìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò lára àgbá, wọ́n tò wọ́n sókè rẹ̀, wọ́n sì sọ wọ́n di ohun tí èèyàn kàn ń fọwọ́ kàn láìsí pé nǹkan kan wọlé lábẹ́ ìka. Ní 2004, wọ́n dá wọn padà sára àgbá, wọ́n sì tún ń wọlé bí a bá tẹ̀ wọ́n. Ní 2009, wọ́n ṣe iPod shuffle kan tí kò ní bọ́tìnnì orin kankan lára. Okùn íápíìsì ni gbogbo àṣẹ wà: ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó dúró, lẹ́ẹ̀mejì fún orin tó kàn, lẹ́ẹ̀mẹta fún èyí tó kọjá. Ẹni tó bá ki íápíìsì tirẹ̀ tí kò ní irú okùn bẹ́ẹ̀ bọ̀ ọ́ di awòran. Nígbà tó fi di 2010, bọ́tìnnì ti padà sára shuffle. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé-iṣẹ́ kan náà mú un kúrò, ẹ̀ẹ̀mejì ló dá a padà.

Nípa ojú ẹ̀rọ tó jẹ́ gíláàsì nìkan, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Gíláàsì kò ní àmì tí ìka lè dì mú. Ọwọ́ tútù ń dà á láàmú, aṣọ àpò náà ń tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ní gíláàsì, kó ní bọ́tìnnì gidi pẹ̀lú, bíi NW-A306 tí Sony gbé jáde ní 2023, tó ń lo Android síbẹ̀ tí bọ́tìnnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kó sì ní ìdábùú tí a ń fà tó ń ti ojú ẹ̀rọ pa, kí ẹni tó ni ín lè yàn bóyá kí bọ́tìnnì ṣì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí gíláàsì bá ti sùn. Àwọn kan ń ti gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, a sì tún ní láti yọ ẹ̀rọ jáde kí a tó dín ohùn kù. A ti padà sí ti fóònù nìyẹn.

Ohun mẹ́ta míì tí ọwọ́ máa ń mọ̀ kí ojú tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan ni bí ẹ̀rọ ṣe ń jí. Àwọn tó ń lo sọ́fítíwíà kékeré tiwọn máa ń jí kíákíá. Àwọn tó ń lo Android máa ń pẹ́ bí wọ́n bá ti kú pátápátá, nítorí náà àwọn èèyàn kì í pa wọ́n mọ́, wọ́n kàn ń jẹ́ kí wọ́n sùn, bátìrì á sì máa jò lábẹ́lẹ̀. Èkejì ni bóyá ó rántí ibi tó dúró. Fún orin oníṣẹ́jú mẹ́rin, kò tó nǹkan. Fún ìwàásù, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tàbí ìwé tí wọ́n kà sórí ẹ̀rọ, ohun tó gùn tó wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ tó bá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí a tàn án ti fi ẹni tó ni ín ṣẹ̀sín. Ẹ̀kẹta ni ìṣísẹ̀ ohùn. Ẹ̀rọ tó bá pín ohùn sí ìpele díẹ̀ kì í bá íápíìsì tó gbọ́ràn lò pọ̀ ní àlàáfíà: ìpele kejì kò dún tó, ẹ̀kẹta sì ti pariwo jù. Mo fẹ́ràn ìpele tó pọ̀, àmọ́ kí títẹ̀ pẹ́ lórí bọ́tìnnì lè mú un sáré, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ó máa tẹ̀ ẹ́ títí ọ̀la.

Àwọn tí mo rò pé wọ́n lóye lílo ẹ̀rọ láìwò ó jù kì í ṣe ilé-iṣẹ́ rárá. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Rockbox. Nítorí ẹ̀rọ Archos ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2001, nítorí pé sọ́fítíwíà tó bá ẹ̀rọ náà wá kò tẹ́ wọn lọ́rùn, lẹ́yìn náà ló tàn dé ọ̀pọ̀ iPod àtijọ́ àti Sansa ti SanDisk. Lára ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ lè máa fi ohùn ka gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀ jáde: orúkọ fódà, orúkọ orin, iye bátìrì tó kù. Àwọn tí kò ríran ló kọ́kọ́ wúlò fún. Ẹ̀yin tó ríran náà, ẹ tan nǹkan yìí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ ti ẹ̀rọ sápò, kí ẹ sì wá orin kan láàárín ẹgbẹ̀rún. Kò sí ẹ̀rọ olówó gọbọi tí mo mọ̀ tó mú ojú mi sinmi tó bẹ́ẹ̀.

Orúkọ orin wá di ọ̀rọ̀ tirẹ̀, pàápàá fún àwa tí èdè wa ní àmì lórí àti lábẹ́. Inú fáìlì MP3 ni wọ́n ń kọ orúkọ orin, olórin àti àwo sí, nínú ohun tí wọ́n ń pè ní ID3. Ẹ̀dà 2.3 rẹ̀ ń gba UTF-16, 2.4 sì tún ń gba UTF-8, àwọn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà onírúurú èdè, méjèèjì ló lè gbé ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn wọn. Kí ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n kà ni ìṣòro. Ti pọ́ọ́kú máa ń fi àpótí ṣófo rọ́pò lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́, orúkọ olórin á wá dà bíi pé eku ti jẹ ẹ́. Mo ní fáìlì kan tí mo ṣe fún ìdánwò, tí orúkọ rẹ̀ kún fún àwọn lẹ́tà wọ̀nyí, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ dà sínú ẹ̀rọ tuntun. Ẹ tún wo bó ṣe ń tò wọ́n. Ẹ̀rọ kan lè kó gbogbo olórin tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ṣ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ́yìn Z, ẹ ó sì máa rò pé orin ti sọ nù. Ohun tó fà á kò ju pé nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún lẹ́tà náà ga ju ti Z lọ.

Èmi fúnra mi, fódà ni mo fọkàn tán. Olórin, àwo, orin, nọ́ńbà níwájú. Kí nọ́ńbà náà sì jẹ́ 01, 02, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń to 10 ṣáájú 2. Ẹ̀rọ tí kò bá jẹ́ kí n wọlé lọ́nà fódà, tó ní àfi kó kọ́kọ́ ka gbogbo ohun tó wà nínú káàdì kó tó jẹ́ kí n gbọ́ ẹyọ kan, máa ń fi àkókò ẹni ṣòfò nígbàkigbà tí a bá fi orin tuntun kún un. Bákan náà ni èyí tí kò ní gba orin àfi láti inú áàpù tirẹ̀. Mo fẹ́ fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kó yọ jáde bíi flash lásán, kí n da orin sí i, kí n yọ ọ́. Ọjọ́ tí áàpù bá kú, ẹ̀rọ tó gbára lé e ti di òkúta.

Ẹ gbọ́ àwo kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo, níbi tí orin kan ti wọnú èkejì láìdánu dúró. Bí ẹ bá gbọ́ àlàfo tín-ínrín ní oríta, bí ẹni tí òsúkè mú, ẹ̀rọ ni kò mọṣẹ́. MP3 ló máa ń fi ìdákẹ́ díẹ̀ sí iwájú àti ẹ̀yìn orin nítorí bó ṣe ń gé ohùn sí ègé. LAME, sọ́fítíwíà tí ọ̀pọ̀ ń fi ṣe MP3, máa ń kọ iye ìdákẹ́ náà sínú fáìlì kí ẹ̀rọ lè gé e kúrò. Ẹ̀rọ tó bá kà á kò ní jẹ́ kí a mọ̀. FLAC kò ní wàhálà yìí láti ilẹ̀.

Káàdì mẹ́mọ́rì: èyí tó tó 32 GB ń jẹ́ SDHC, èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ dé 2 TB ń jẹ́ SDXC, exFAT, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń to fáìlì sínú káàdì, ni wọ́n sì fi ń pèsè rẹ̀, èyí tí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kò gbọ́. Ayédèrú pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á kọ 512 GB sí i lára, kọ̀ǹpútà náà á rí 512 GB, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ lè má ju 16 lọ. Bó bá ti kún tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tuntun lé ti àtijọ́ lórí láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Sọ́fítíwíà H2testw lórí Windows àti F3 lórí Linux ń kọ káàdì kún, wọ́n sì ń kà á padà láti mọ òótọ́. Ẹ lò ó kí ẹ tó da orin sí i, kì í ṣe lẹ́yìn.

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ orin nínú ọkọ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, àti àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ITU, fẹnu kò lórí ìwọ̀n kan fún àgbàlagbà: decibel 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bí decibel 3 bá ti lé e, wákàtí á pín sí méjì: 83 di wákàtí 20, 86 di 10, 89 di 5. Ariwo ìta ló ń mú kí ọwọ́ máa gbé ohùn sókè. Nítorí náà, íápíìsì tó dí ihò etí dáadáa ṣe pàtàkì fún ìlera ju ẹ̀rọ lọ. Bí ariwo kò bá wọlé, ohùn kò ní láti ga. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù máa ń dúró ní decibel 85 kí wọ́n tó kìlọ̀, wọn kì í sì í kọjá 100. Àwọn olùfẹ́ ohùn máa ń bú ìkìlọ̀ yìí. Mo fẹ́ kó wà, ohun tí mi ò fẹ́ ni pé kó yọ sójú ẹ̀rọ, kó dá orin dúró, kó ní kí n wá tẹ "mo gbà".

Bátìrì ló kù. Wákàtí tó wà lára páálí, MP3 ni wọ́n fi kà á, ojú ẹ̀rọ ti kú, ohùn wà nílẹ̀, Bluetooth kò sí. Tí ẹ bá tan ojú ẹ̀rọ, tí ẹ ń fo orin káàkiri, tí ẹ so íápíìsì aláìlókùn mọ́ ọn, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò bí mi nínú. Ohun tí mo máa ń wò ni bátìrì tó ń jò nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án: n ó ṣáàjì rẹ̀ kún, n ó fi í sílẹ̀ sínú báàgì fún ọjọ́ bíi mélòó kan, n ó wá wo iye tó kù. Ẹ̀rọ tí èèyàn ń gbé lójoojúmọ́ kò yẹ kó ti kú kí orin àkọ́kọ́ tó dún.

Bátìrì lithium-ion máa ń gbó, bí a lò ó bí a ò lò ó. Bó bá ti gba iná kún tó sì tú ní ìgbà bíi 300 sí 500, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára rẹ̀ ló máa ń kù, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ooru ń mú un yára. Gbogbo ohun yòókù lára ẹ̀rọ orin lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa: ṣíìpù kì í gbó, MP3 kò ní yí padà. Bátìrì ló ń dájọ́ ikú fún un, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì. Òfin bátìrì tí Yúróòpù ṣe ní 2023 sọ pé láti 18 February 2027, bátìrì inú àwọn ẹ̀rọ àgbéká tí wọ́n ń tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé yọ kó sì ṣeé pààrọ̀ fún ẹni tó ni ẹ̀rọ, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó dé, àwọn kan ti ń ṣe é fúnra wọn. iPod tí Apple gbé jáde ní 2005 ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n yọ hard disk inú rẹ̀, tí wọ́n fi káàdì SD rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n sì fi bátìrì tuntun sí i. Àgbá rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ìka ṣì mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn.

Nítorí náà, kí n tó san owó ẹ̀rọ kankan báyìí, mo máa ń wá fídíò ẹni tó ti tú irú rẹ̀ rí. Bí mo bá rí i pé gíláàsì iwájú ní láti fọ́ kí bátìrì tó jáde, ẹlòmíì ni n ó fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ fún, bí bọ́tìnnì rẹ̀ bá tilẹ̀ dára.